Orúkọ Ajá: Ta Ni À Ń Bá Wí?

Ẹnikẹ́ni tó bá ń sin ajá ní Òkè Bọ́lá mọ̀ pé orúkọ ajá kì í kúrò lẹ́nu ẹni. Tó bá gba abẹ́ géètì bọ́ sí títì láàárọ̀, a ó pè é. Tí wọ́n bá bu àjẹkù ẹ̀bà sínú abọ́ rẹ̀, a ó pè é. Tílẹ̀ bá ṣú tá ò rí i, a ó tún pè é. Ògiri ilé sì fara kan ògiri ilé ládùúgbò wa. Orúkọ yòówù tí mo bá fi pe ajá mi, aládùúgbò mi ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ní kíláàsì mi á rántí pé orúkọ Yorùbá sábà máa ń jẹ́ odidi gbólóhùn. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ ajá náà lè jẹ́ odidi gbólóhùn, ṣùgbọ́n ojúde là ń wò ká tó sọ ọ́. Orúkọ ọmọ la fi ń gbàdúrà, òun la fi ń sọ ìtàn ìdílé. Orúkọ ajá la fi ń dá aládùúgbò lóhùn. Ẹ wo orúkọ bíi Tanímọ̀la, Ẹ̀yìnlàárò, Sùúrùlérè. Ẹni tó ń pariwo irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lálẹ́, ṣé ajá nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀?

Ní 1980, J. O. Ojoade kọ àpilẹ̀kọ kan lórí àwọn Ìlàjẹ, ìyẹn àwọn Yorùbá etí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orúkọ 101 tó jẹ mọ́ òwe ló kó jọ. Ní 1993, Wendy Schottman kọ tirẹ̀ lórí àwọn Ìbàrìbá ní Benin, aládùúgbò Yorùbá lápá àríwá. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ sójú, tí kò sì fẹ́ dákẹ́, lè fi orúkọ ajá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ajá? Ajá ń jẹ́ ìpè. A lè pariwo orúkọ rẹ̀ lójú títì láìsí ẹni tó máa bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀. Tẹ́ni tọ́rọ̀ kàn bá fajú ro, a ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ajá mi ni mò ń pè." Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Ẹni tó gbọ́ lè ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, ẹni tó sọ náà lè ṣe bí ẹni tí ò sọ. Ọ̀la, wọ́n á tún kí ara wọn.

Ọgbọ́n yìí ní ààlà o. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ọlọ́pàá mú oníṣòwò kan ní Ṣángo-Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn, torí pé ó sọ ajá rẹ̀ ní Buhari, ó sì kọ orúkọ náà sára ajá. Orúkọ Ààrẹ Nàìjíríà ìgbà náà nìyẹn, aládùúgbò tó fẹjọ́ sùn sì ní bàbá òun náà ń jẹ́ ẹ. Oníṣòwò yìí ní ìfẹ́ tóun ní sí Ààrẹ ló mú òun sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ májísírèètì, wọ́n ní ohun tó ṣe lè da àlàáfíà ìlú rú. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn ò tó ohun tí à ń ti èèyàn mọ́lé sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Òwe ò ní ẹni kan pàtó tó ń bá wí, ẹni tó bá bá mu ló ń gbà á. Orúkọ èèyàn ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Tá a bá ti fi pe ajá, odidi ọ̀rọ̀ la sọ yẹn, kò sí bá a ṣe máa yí i padà tẹ́lòmíì á gbà.

Ajá tó ń jẹ́ orúkọ yìí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Lọ́dún 2016 yẹn kan náà, Attila Andics àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Budapest, olú ìlú Hungary, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ ajá 13 bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohùn ẹni tó kọ́ wọn. Wọ́n rí i pé ọpọlọ ajá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, ó ń gbọ́ ohùn tá a fi sọ ọ́ lọ́tọ̀. Apá tó jẹ mọ́ ìdùnnú nínú ọpọlọ wọn kì í ta kìjí àfi tí ọ̀rọ̀ ìyìn bá bá ohùn ìyìn rìn. Ajá ò gbọ́ òwe, àmọ́ ó mọ̀ bóyá inú dídùn la fi pe òun. Ẹni tó ń fi ajá sọ òkò ọ̀rọ̀, ara ajá ni òkò yẹn kọ́kọ́ ń bà.

Ìyàwó mi ló sọ tiwa ní Sùúrùlérè, nígbà tí kànga kan dá gbọ́nmi-si-omi-ò-to sílẹ̀ ládùúgbò. Ìjà ọ̀hún ti tán tipẹ́. Àwọn ọmọ ilé kejì ló ń pè é ní "Súúrù" báyìí, tí wọ́n ń tọ́jú eegun dè é. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ ajá wọn ní Bingo tàbí Jack lóde òní. Kò burú, Bingo ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ tiyín lórúkọ tó lóhùn nínú, ẹ rántí pé ajá lè lo ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ yín. Orúkọ tẹ́ ẹ ṣì máa lè fi ẹ̀rín pè lẹ́yìn tí ìjà bá tán ni kẹ́ ẹ sọ ọ́.