Táàmù ò tíì parí, bàbá ti ń di ẹrù: Ọ̀rọ̀ àwọn òbí tó ń yọ ọmọ níléèwé nítorí ìrìnàjò

Ká ní bàbá kan wà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, l'Ékòó, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá, tí ìyàwó rẹ̀ ń tajà ní Lawanson, tí wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta tí gbogbo wọn wà níléèwé. Iléyá ku ọjọ́ díẹ̀. Ìyá bàbá yìí wà n'Íjẹ̀bú-Òde, ara ò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, màmá sì ti ránṣẹ́ pé lọ́dún yìí, àfi kóun fojú kan àwọn ọmọ-ọmọ òun. Ni baálé ilé bá ní ọjọ́ Mọ́ńdè ni gbogbo àwọn máa gbéra, kí owó mọ́tò tó fò sókè. Ìyàwó ní, "Bàbá Ìbejì, àwọn ọmọ ní tẹ́ẹ̀sì ní Túsìdè o, wọ́n tún ní òmíràn ní Tọ́sìdè." Ọkọ ò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀: "Tẹ́ẹ̀sì kẹ̀? Ṣé tẹ́ẹ̀sì ló bí mi ni, àbí màmá mi?"

Èèyàn lè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Irú rẹ̀ ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin tọkọtaya, ó ń dá a sílẹ̀ láàrin òbí àti tíṣà, nílẹ̀ òyìnbó sì rèé, ó ti gbé bàbá kan dé kóòtù tó ga jù lọ. Ibi tó ti le ni pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi pátápátá nínú àwọn méjèèjì. Òótọ́ wà lẹ́nu ọkọ, òótọ́ wà lẹ́nu ìyàwó. Ọmọ tó wà láàrin wọn ló yẹ ká wò.

Àdúgbò àwọn tó nílé méjì

Orúkọ Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó gan-an ti sọ̀rọ̀ tán: ibi táwọn Ìjẹ̀ṣà tẹ̀dó sí. Ẹni tó bá sì tẹ̀dó síbì kan, a jẹ́ pé ó nílé níbòmíràn. Lónìí, kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà nìkan ló ń gbébẹ̀. Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, Èkìtì wà níbẹ̀, Ìgbò náà ò gbẹ́yìn. Ohun kan ló pa gbogbo wọn pọ̀: bí ọdún bá dé, bí àgbàlagbà bá papò dà, bí wọ́n bá fẹ́ẹ́ ṣègbéyàwó nínú ẹbí, ilé ni wọ́n ń sáré lọ. Ará Iléṣà ò fẹ́ẹ́ gbọ́ ìròyìn Ìwúdè lẹ́nu ẹlòmíràn, ará Ìjẹ̀bú fẹ́ẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde l'Ójúde Ọba, Ìgbò fẹ́ẹ́ ṣe Kérésì lábúlé bàbá rẹ̀.

Kò sóhun tó burú ńbẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ọmọ tí kò bá sì mọ ilé, orúkọ lásán ló ń jẹ́. Ibi tọ́rọ̀ ti ń di wàhálà ni pé kàlẹ́ńdà ẹbí àti kàlẹ́ńdà iléèwé kì í sábà bára mu. Ẹbí ò ní í dúró de ọlidé kí wọ́n tó sìnkú, iléèwé náà ò sì ní í dúró de ẹbí kí wọ́n tó ṣèdánwò.

Ta gan-an lolè?

Ẹ wo ti Iléyá. Oṣù tó ń lé lójú ọ̀run làwọn Mùsùlùmí fi ń ka ọdún, ìdí nìyẹn tí Iléyá fi máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ní 2024, Sánńdè, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, ló bọ́ sí. Ní 2025, Fúráìdè, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ni. Táàmù kẹta nìyẹn o, ìgbà táwọn SS3 ń ṣe WAEC lọ́wọ́, táwọn tó kù sì ń múra ìdánwò tí wọ́n máa fi wọ kíláàsì tuntun.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ní 2024 yẹn, ìjọba fi Mọ́ńdè 17 àti Túsìdè 18 ṣe ọlidé. Ojúde Ọba tó máa ń wáyé lọ́jọ́ kẹta Iléyá bọ́ sí Túsìdè yẹn gan-an. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ tó kúrò l'Ékòó nírọ̀lẹ́ Fúráìdè lẹ́yìn tí iléèwé jáde, tó kírun Iléyá, tó jẹ ẹran àgbò, tó wòran ẹṣin n'Íjẹ̀bú-Òde, lè wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ láàárọ̀ Wẹ́sìdè láìpàdánù ọjọ́ ìwé kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní 2025: Fúráìdè 6 àti Mọ́ńdè 9 jẹ́ ọlidé, Ojúde Ọba sì bọ́ sí Sánńdè tó wà láàrin wọn.

Ọdún fúnra rẹ̀ ò jí ọmọ gbé níléèwé. Ọjọ́ tó ṣáájú ọdún àti ọjọ́ tó tẹ̀lé e gan-an lolè. Wọ́n á ní ẹ jẹ́ ká tètè lọ kí mọ́tò má tíì wọ́n. Wọ́n á tún ní ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀ ká tó padà, ṣebí òní ni. Ní 2024, June 12 bọ́ sí Wẹ́sìdè, ọjọ́ mẹ́rin péré kí Iléyá tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ dá ọgbọ́n á ti wò ó pé Tọ́sìdè àti Fúráìdè nìkan ló wà láàrin ọlidé kan sí èkejì, kí ló dé tóun ò ní fi ìyẹn kún un? Ní 2025, Túsìdè, Wẹ́sìdè àti Fúráìdè ló há sáàrin, torí Tọ́sìdè ni June 12 bọ́ sí. Àyàfi níléèwé tó bá fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ìsinmi àárín táàmù, tíṣà wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń kọ́ àwọn tó wá, àwọn tí kò wá sì ń jẹ dòdò lọ́dọ̀ ìyá-àgbà.

Bàbá tó fẹjọ́ dé kóòtù tó ga jù

Ní England, wọn kì í fọ̀rọ̀ yìí ṣe eré rárá. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jon Platt, tó ń gbé ní Isle of Wight, fẹ́ẹ́ mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí Disney World ní Florida, l'Ámẹ́ríkà, lóṣù kẹrin 2015. Ọ̀gá iléèwé ní rárá. Bàbá náà mú ọmọ lọ, ọmọ pa iléèwé jẹ fún ọjọ́ méje. Wọ́n bu owó ìtanràn ọgọ́ta pọ́ùn lé e, kò san án, ó di ọgọ́fà. Kò san ìyẹn náà. Ó ní ọmọ òun ń lọ síléèwé déédéé, nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ó ń lọ ju àádọ́rùn-ún lọ, kí ni wọ́n tún ń fẹ́?

Kóòtù kékeré dá a láre, kóòtù gíga náà fọwọ́ sí i ní 2016. Ayọ̀ náà ò pẹ́. Lọ́jọ́ 6 oṣù kẹrin 2017, adájọ́ márùn-ún tó wà ní kóòtù tó ga jù lọ nílẹ̀ náà fẹnu kò pé ó jẹ̀bi òfin. Ohun tí Lady Hale tó ka ìdájọ́ sọ ni pé kì í ṣe bí òbí ṣe rò ó lọ́kàn ni "déédéé" túmọ̀ sí, bí òfin iléèwé ṣe là á sílẹ̀ ni. Ó tún fi kún un pé bọ́mọ kan bá sá fún iléèwé, kì í ṣe tiẹ̀ nìkan ló bà jẹ́, ó ń da iṣẹ́ àwọn ọmọ yòókù rú, ó sì ń fi àwọn òbí tó ń pa òfin mọ́ ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n dá ẹjọ́ náà padà sí kóòtù kékeré, lóṣù kẹfà ọdún yẹn, wọ́n ní Platt jẹ̀bi, wọ́n sì ní kó san ẹgbẹ̀rún méjì pọ́ùn owó ẹjọ́. Ọgọ́ta pọ́ùn ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ o!

Láti oṣù kẹjọ 2024, wọ́n ti fi kún owó náà. Ọmọ tó bá pa iléèwé jẹ fún ọjọ́ márùn-ún láìgbàṣẹ láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, òbí rẹ̀ lè san ọgọ́rin pọ́ùn tó bá tètè san án láàrin ọjọ́ mọ́kànlélógún. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó di ọgọ́jọ. Bó bá tún ṣe é láàrin ọdún mẹ́ta, ọgọ́jọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, fáìnì ti tán, ó lè di ọ̀rọ̀ kóòtù.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham mọ ìṣirò yìí dáadáa, torí òbí kọ̀ọ̀kan ló ń san án lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Tọkọtaya tó bí ọmọ mẹ́ta, ìlọ́po mẹ́fà ni tiwọn: £480. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, £960. Síbẹ̀, lóṣù Kejìlá, bí iléèwé bá ti gba ọlidé báyìí ni tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú sí Èkó ń gbówó lérí. Ẹlòmíràn á jókòó, á fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ẹni márùn-ún wé fáìnì, á sì rí i pé fáìnì ló dínwó. Màmá àgbà tó wà n'Íjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó tó ń retí wọn ò mọ̀ pé fáìnì kankan wà. Òun ti ra ẹ̀fọ́ sílẹ̀.

Òfin wọn mọ ohun tí ẹ̀sìn jẹ́ ṣá o. Ọjọ́ tó bá jẹ́ ọjọ́ ọdún ẹ̀sìn òbí, bí Iléyá, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bọ́mọ ò bá lọ síléèwé. Ọjọ́ ọdún náà gan-an ni, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó yí i ká.

Òfin wà nílé náà

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Nàìjíríà ò lófin. Òfin ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní UBE, tí wọ́n ṣe ní 2004, sọ pé dandan ni kí òbí rí i pé ọmọ òun lọ síléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, kó sì parí ẹ̀. Òbí tó bá kọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ bá a wí. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹgbẹ̀rún méjì náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ̀rún márùn-ún tàbí oṣù méjì. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún méjì náírà ti di owó táwọn èèyàn fi ń jẹun ọ̀sán. Ẹni tí òfin náà sì dojú kọ jù ni òbí tí kò rán ọmọ níléèwé rárá, tó gbé ọjà lé e lórí. Ọlọ́pàá ò ní wá kan ilẹ̀kùn bàbá tó mú ọmọ lọ kí ìyá-àgbà.

Nítorí náà, nílé níbí, ọwọ́ òbí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ìyẹn ló sì jẹ́ kó wúwo. Àwọn àgbà tó wà láyé nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Western Region lóṣù kìíní 1955 mọ bí inú ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe dùn tó pé ọmọ wọn náà lè jókòó ní kíláàsì. L'Ékòó níbí, àsìkò kan wà tó jẹ́ pé àárọ̀ lọmọ kan ń lọ, ọ̀sán lòmíràn ń lọ, torí kíláàsì ò tó, kí ìjọba Alhaji Lateef Jakande tó gorí àlééfà ní 1979, tó kọ́ kíláàsì kún kíláàsì, tó fòpin sí i. Àga tí wọ́n jà fún yẹn lọmọ ń fi sílẹ̀ lófìfo.

Ohun tó ń sọnù, ohun tó ń wọlé

Ọ̀sẹ̀ kan ò jọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n táàmù kan ò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìlá sí mẹ́tàlá lọ. Ọmọ tó bá ń pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ ní táàmù kọ̀ọ̀kan, lọ́dún mẹ́fà tó fi wà ní pírámárì, ọ̀sẹ̀ méjìdínlógún ni. Odindi táàmù kan àti ààbọ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹ ti san owó iléèwé rẹ̀ pé. Ìṣirò, pàápàá, dà bí àkàbà. Ọmọ tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wọn ní ìdá, tó dé bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ro ìdá pọ̀ mọ́ ìdá, ńṣe ló máa máa wò. Iléèwé púpọ̀ sì ń fi tẹ́ẹ̀sì àárín táàmù kún máàkì ìparí. Ọmọ tí kò sí níbẹ̀, òdo ló ń gbà.

Ká má tan ara wa, nǹkan ń wọlé náà. Ọmọ Èkó tó lọ sílé á gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ni ín. Á mọ ibi tí wọ́n sin bàbá-bàbá rẹ̀ sí. Á rí i pé kì í ṣe inú nọ́ńbà ni omi ti ń wá, pé wọ́n ń pọn ọ́n. Tíṣà wo ló fẹ́ẹ́ kọ́ ọ nìyẹn? Ìyá-àgbà ò sì ní wà títí láé. Ìdánwò tí kò ṣe lónìí, wọ́n lè tún un ṣe. Ìyá tó bá lọ ò ní padà wá.

Ohun tí òbí lè ṣe

Kí iléèwé tó wọlé lóṣù kẹsàn-án, ẹ gba kàlẹ́ńdà wọn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ kọ ọjọ́ ọdún àti ayẹyẹ ẹbí sí i kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tàbí dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọlidé gígùn tó máa ń bẹ̀rẹ̀ níparí oṣù keje, tiyín ni. Ẹ fi ìrìnàjò tó bá gùn síbẹ̀. Bó bá di dandan kọ́mọ kúrò, bí ọ̀rọ̀ òkú, ẹ lọ bá tíṣà kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ má ṣe dé kẹ́ ẹ tó máa pa irọ́ ibà. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa kọ́, ẹ ní kí ọmọ kan ní kíláàsì ya ìwé rẹ̀ fún tiyín. Ọmọ tó wà ní pírámárì 6, JSS3 tàbí SS3, ẹ má ṣe fọwọ́ kan táàmù rẹ̀ rárá.

Kí ẹ sì rántí pé kì í ṣe dandan kí gbogbo ilé jọ gbéra. Bàbá tó ní Mọ́ńdè yẹn lè ṣáájú lọ kí màmá rẹ̀, kó ra àgbò, kó tún ilé ṣe. Ìyàwó àtàwọn ọmọ á tẹ̀lé e ní Tọ́sìdè, nígbà tí tẹ́ẹ̀sì bá ti parí, kó kàn rí i pé báàgì ti wà nílẹ̀ láti àárọ̀. Ìyá-àgbà ò ní í bínú pé àwọn ọmọ-ọmọ òun dé lálẹ́. Bí wọ́n bá bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, tí ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé, "Màmá, mo gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá," ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìyẹn gan-an ni màmá máa máa ròyìn fáwọn ará àdúgbò títí Iléyá ọdún tó ń bọ̀.