Ìjàpá Òkun ní Ọ̀nà Etíkun Cotonou sí Ouidah

Ọ̀nà etíkun tí ó ti Cotonou lọ sí Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, gba àárín igi àgbọn àti abúlé àwọn apẹja kọjá. Lóru, ìjàpá òkun a máa gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn ibẹ̀. Bí a tilẹ̀ ń pè é ní ìjàpá, ìṣẹ̀dá rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ìjàpá inú àlọ́. Ti orí ilẹ̀ lè fa orí àti ẹsẹ̀ wọnú ìkarahun. Ti òkun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti di pẹrẹsẹ bí àjẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí ẹyin bá pa, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù ni àwọn ọmọ ń forí lé. Lórí etíkun tí kò sí iná, ojú òkun ni ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná ilé ìtura tàbí ti ọkọ̀ bá tàn ju òkun lọ, ojú títì ni wọn yóò dojú kọ, wọn a sì kú síbẹ̀. Nítorí náà, àrìnrìnàjò tí ó bá fẹ́ rí ìjàpá òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fara mọ́ òkùnkùn.