Ohun tí Paris pè ní àlá: àwòrán tí Wifredo Lam fi bu ọlá fún Caturla

Àwòrán ńlá kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé RISD ní ìlú Providence, ní Amẹ́ríkà, tí gíga rẹ̀ ju mítà 2 lọ. Wifredo Lam, ọmọ Kúbà, ni ó yà á ní ọdún 1944. La Présence éternelle ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé, èyí tí a lè túmọ̀ sí ‘Wíwà títí ayé’. Orí Alejandro García Caturla ni Lam yà á lé.

Ta ni Caturla? Adájọ́ ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ orin í ṣẹ̀dá jù lọ ní Kúbà. Wọ́n bí i ní ìlú Remedios ní 1906. Ní 1928, ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Nadia Boulanger ní Paris. Aláwọ̀ funfun ni, ṣùgbọ́n ìlù ìran àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa ni ó gbé wọ inú orin rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀tọ̀kùlú ń fi ìlù náà ṣẹ̀sín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1940, ọkùnrin kan tí ó yẹ kí ó jẹ́jọ́ níwájú rẹ̀ yìnbọn pa á. Ọmọ ọdún 34 péré ni.

Lam kò sí nílé nígbà náà. Sípéènì ni ó lọ ní 1923, ó dé Paris ní 1938, Picasso sì gbà á bí ọ̀rẹ́. Níbẹ̀ ni ó ti bá André Breton àti ẹgbẹ́ surréalisme pàdé, àwọn tí ó ní kí àlá máa darí ọwọ́ ayàwòrán. Ní 1941, bí ogun ti gbóná, òun àti Breton wọ ọkọ̀ ojú omi kan náà ní Marseille. Ọdún yẹn ni Lam padà sí Kúbà.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí àwòrán náà lè sọ pé àlá ni lóòótọ́. Ara ènìyàn dàpọ̀ mọ́ ara ẹranko, ọ̀bẹ yọ, ewé kún ẹ̀yìn wọn. Ojú Caturla kò sí níbẹ̀ rárá. Lójú tiwa, ọlá náà kò sí nínú pé ó jọ ọ́: ohun tí olóògbé fi orin ṣe ni Lam fi ọ̀dà ṣe.

Nínú àwọn àwòrán Lam ti ìgbà yẹn, obìnrin olórí ẹṣin pọ̀. Bàbá rẹ̀ ti Ṣáínà wá, ìyá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà; ìyá ìsàmì rẹ̀, Mantonica Wilson, sì jẹ́ olórìṣà láàárín àwọn Lukumí, ìran Yorùbá ti Kúbà. Ẹ wo èdè wa: òrìṣà a máa gun ènìyàn bí a ti ń gun ẹṣin. Ẹni tí a gùn ni ẹlẹ́gùn, òun kan náà ni ẹṣin òrìṣà. Títí di òní, caballo, ìyẹn ẹṣin, ni àwọn Lukumí ń pè é ní èdè Sípéènì.

Ní Manigri àti Bassila, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kírun, a kò fi èyí pe ẹnikẹ́ni sí ìbọ. Ọ̀rọ̀ èdè ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lè kọ́ surréalisme ní ilé-ìwé, kí ẹ sì mọ orúkọ Breton lórí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún yín ohun tí ‘gùn’ túmọ̀ sí, bí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n bá ti lọ?