Ẹyin Ìbílẹ̀ àti Ẹyin Àgíríìkì: Èwo Ni Ká Rà Fún Àwọn Ọmọ?

Arábìnrin kan sọ fún wa pé òun kì í ra ẹyin fún àwọn ọmọ òun mọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀ ti wọ́n jù, ti àgíríìkì tí wọ́n ń tà ní kírétì kò sì “lágbára nínú.” Ẹ̀yin ìyá, ṣé òótọ́ ni?

Àwọ̀ ló ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ. Oúnjẹ tí adìyẹ bá jẹ ni ó ń mú kí pupa ẹyin rẹ̀ pọ́n. Èyí tó ń jẹ̀ kiri àgbàlá, tó ń jẹ ewéko tútù, pupa ẹyin rẹ̀ sábà máa ń pọ́n dáadáa; bí a bá sì fi àgbàdo pupa bọ́ ti àgíríìkì, tirẹ̀ náà yóò pọ́n. Ẹyin ìbílẹ̀ lè ní fítámì díẹ̀ sí i, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ó kéré: ó sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 35 sí 45, nígbà tí ti àgíríìkì máa ń tó 55 sí 60. Èròjà tó ń mú ọmọ dàgbà sì wà nínú méjèèjì.

(Àwọn kan ṣì ń sọ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Ẹ̀kọ́ ilé ni kì í jẹ́ kí ọmọ jalè, kì í ṣe ẹyin tí a fi dù ú.)

Ohun tó yẹ ká máa wò ni bí ẹyin ṣe pẹ́ tó. Èèpo ẹyin ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí; omi inú rẹ̀ ń gbẹ, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ẹ fi ẹyin sínú abọ́ omi. Bí ó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, kò tíì pẹ́. Bí ó bá nàró, ẹ tètè sè é. Bí ó bá léfòó, ẹ má jẹ ẹ́.

Ẹyin ìbílẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún níbí, nítorí adìyẹ a máa yé sínú igbó, a sì máa sàba lé e. Ọjọ́ 21 péré ni ẹyin fi ń di ọmọ. A ti fọ́ irú rẹ̀ rí sórí ẹyin márùn-ún nínú àwo, gbogbo rẹ̀ la dà nù! Ẹ máa fọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ife ná.

Ẹ má ra èyí tó ti sán nítorí pé owó rẹ̀ dínkù, kòkòrò àìsàn ti lè wọ inú rẹ̀. Ẹ sè é títí pupa rẹ̀ yóò fi le.

Arábìnrin wa ti ra ẹyin àgíríìkì mẹ́wàá. Méjì léfòó, ó sì dá wọn padà fún ẹni tó tà á.