“Ó Ṣí” tàbí “Ó Já”? Èdè-Ìperí fún Fífi Mítà Yẹ Ẹ̀yà Ẹ̀rọ Rédíò Wò

Ìfáárà

Ní ọdún 1923 ni mítà tí Donald Macadie, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe jáde sórí àtẹ. Áḿpíà, fólítì àti ómù ni ó ń wọ̀n. Lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi pè é ní AVO. Ọmọ-iṣẹ́ tí ń wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ tètè ń mọ irú mítà bẹ́ẹ̀ lò. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí olùkọ́ bá fẹ́ kọ ẹ̀kọ́ náà sínú ìwé ní èdè Yorùbá, nítorí pé ọ̀rọ̀ nìkan ni yóò máa tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà níbẹ̀.

Ṣíṣí àti Jíjá

Fíúsì ni ó rọrùn jù lọ láti yẹ̀ wò. A ó pa iná ẹ̀rọ, a ó yọ fíúsì, a ó yí mítà sí ojú ómù, a ó sì fi ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì kan orí fíúsì méjèèjì. Bí ó bá dára, mítà yóò ka òdo tàbí iye tí kò jìnnà sí i. Bí ó bá ti bàjẹ́, abẹ́rẹ́ mítà kò ní mira rárá.

Gẹ̀ẹ́sì ń pe ipò kejì yìí ní ‘ópùn’. Olùtumọ̀ tí kò bá fara balẹ̀ yóò kọ ọ́ pé “fíúsì ti ṣí”. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ó ṣí ni Yorùbá ń gbà wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka gbólóhùn náà yóò rò pé iná ń kọjá, nígbà tí òtítọ́ jẹ́ òdìkejì rẹ̀. “Já” ni ó bá a mu: okùn ń já, wáyà ń já, ohun tí ó bá sì já kò lè gbé nǹkan kọjá mọ́.

Bákan náà ni ‘ṣọ́ọ̀tì’. “Kúrú” kò sọ nǹkan kan fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé kò sí ohun tí ó kúrú. “Kanra” kò dára, nítorí ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn ni ó ń kanra. Orí méjì tí ó yẹ kí ó yàgò fún ara wọn ni ó pàdé. Nítorí náà, “ó lẹ̀ mọ́ra” ni ó ṣe kedere jù.

Ọ̀rọ̀ Àwọ̀

Òrùka àwọ̀ ni ó ń sọ iye rẹsítọ̀. Àwọ̀ ilẹ̀, dúdú àti pupa jẹ́ 1,000 ómù. Bí àwọ̀ ọsàn bá rọ́pò pupa, ó di 10,000; bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ó di 100,000. Yorùbá a sì máa pe epo, iyẹ̀pẹ̀ àti ènìyàn tí kò dúdú púpọ̀ ní pupa. Nínú ìwé ẹ̀rọ, fífẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí fẹ̀ bẹ́ẹ̀ léwu. Ẹni tí ó bá ka pupa sí àwọ̀ ọsàn yóò máa retí 10,000. Bí mítà bá ka 1,000, yóò ju rẹsítọ̀ tí kò ní àbùkù nù. Bí òrùka wúrà bá wà níkẹyìn, iye tí ó bá wà láàárín 950 sí 1,050 dára. Ẹsẹ̀ rẹsítọ̀ kan gbọ́dọ̀ kúrò lára pátákó kí a tó wọ̀n ọ́n, kí iná má baà gba ibòmíràn.

Ọlọ́nà-Kan

Dáyóòdù jẹ́ ọlọ́nà-kan. Mítà onínọ́ńbà, ní ojú dáyóòdù, yóò ka nǹkan bíi 0.5 sí 0.7 fólítì fún ti sílíkọ́ọ̀nù ní ọ̀nà kan, kò sì ní jẹ́ kí iná kọjá ní ọ̀nà kejì. Bí iná bá kọjá wẹ́rẹ́ ní ọ̀nà méjèèjì, ó ti lẹ̀ mọ́ra. Bí kò bá kọjá rárá, ó ti já. Lára ọ̀pọ̀ mítà alábẹ́rẹ́, ní ojú ómù, wáyà dúdú ni pọ́sítíìfù. Nítorí náà, kò yẹ kí ìwé kọ́ni pé pupa ni pọ́sítíìfù nígbà gbogbo.

Ìkádìí

Kapásítọ̀ a máa fi iná pamọ́ lẹ́yìn tí a bá ti pa ẹ̀rọ. Ó yẹ kí a tú iná inú rẹ̀ dànù kí mítà tó kàn án. Níhìn-ín, àṣìṣe ọ̀rọ̀ lè pa ènìyàn lára. Ẹni tí ó bá fẹ́ yan èdè-ìperí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ohun tí abẹ́rẹ́ mítà ń ṣe, kí ó tó wo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì pè é.