Orúnkún Tí Iṣan Rẹ̀ Já: Ṣé Dandan Ni Iṣẹ́ Abẹ?

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìlódè, ní Ilé-Ifẹ̀. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin, ẹni ọdún 19 tí ó ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ń sáré, ó fẹ́ yí padà lójijì, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí ilẹ̀, ara rẹ̀ sì yí. Ó gbọ́ "pó" nínú orúnkún, ó sì ṣubú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúnkún náà ti wú. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ó ti fà sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, orúnkún a máa yẹ̀ mọ́ ọn lára. Àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń to eegun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì ní bí wọn kò bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, yóò yarọ. Ìyá náà béèrè pé, "Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbọ́?"

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ yín kan ọ̀pọ̀ ilé tí ó ní ọ̀dọ́ tí ń gbá bọ́ọ̀lù, nítorí náà a ó dáhùn rẹ̀ létòlétò.

KÍ NI Ó JÁ?

Orúnkún ni ibi tí eegun itan àti eegun ojúgun ti pàdé. Iṣan líle mẹ́rin, tí ó dà bí okùn, ni ó dè wọ́n pọ̀. Méjì wà ní ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Méjì yòókù wà ní àárín gan-an, wọ́n sì fi ara wọn ṣe àgbélébùú, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ti iwájú yìí ni ó máa ń já jù lọ bí ènìyàn bá yí lójijì, tàbí tí ó fò sókè tí kò balẹ̀ dáadáa. "Pó" tí ọmọ yín gbọ́, àti wíwú láàárín wákàtí díẹ̀, jẹ́ àmì rẹ̀ tí àwọn dókítà mọ̀ dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ni ó sábà máa ń kún inú oríkèé náà.

Iṣan ẹ̀gbẹ́ ti inú sábà máa ń jinná fúnra rẹ̀ bí a bá fi nǹkan gbé orúnkún náà ró, tí a sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ti àárín níwájú kì í sábà so padà dáadáa bí ó bá já tán, nítorí pé inú omi oríkèé ni ó wà. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú wọn kò fi lè jẹ́ ọ̀kan náà.

OHUN TÍ A NÍ LÁTI ṢE NÍ ỌJỌ́ ÀKỌ́KỌ́

Kí ẹni tí ó farapa dá eré dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí a fi aṣọ wé yìnyín, kí a gbé e lé orúnkún fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí a sì tún un ṣe láàárín wákàtí díẹ̀ síra. Kí a fi báńdéèjì dì í, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fún un jù, kí a sì gbé ẹsẹ̀ náà ga. Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná jó o, ẹ má fi róòbù wọ́ ọ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́.

Bí ẹsẹ̀ bá tutù, tí ó funfun tàbí tí ó kú tipiri. Bí orúnkún bá yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Bí kò bá ṣeé nà tàbí ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀ rárá. Tàbí bí ibà bá dé tí orúnkún sì ń gbóná, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Iṣan ẹ̀jẹ̀ lè ti bàjẹ́, èyí kò sì ní dúró de ọ̀la.

Ní ti àwọn tí ń to eegun, a kò bú wọn, àwọn baba wa ni wọ́n bá iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n iṣan tí ó já kì í ṣe eegun tí ó ṣẹ́. Ìfà àti ìwọ́ kò lè so ó. Igi tí a bá dì mọ́ ẹsẹ̀ ní lílé koko sì lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní orílẹ̀-èdè wa tí irú ìdì bẹ́ẹ̀ mú kí ẹsẹ̀ kú, tí wọ́n sì ní láti gé e.

Ọ̀NÀ MÉJÌ NI Ó WÀ

Ọ̀nà kìíní ni eré ìdárayá tí oníṣẹ́ físíò bá là sílẹ̀. Bí iṣan itan ní iwájú àti lẹ́yìn bá lágbára, wọ́n lè di orúnkún mú dípò èyí tí ó já. A óò máa nà án, a óò máa gbé ẹsẹ̀ sókè ní títọ́, a óò máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan, díẹ̀díẹ̀, fún oṣù mélòó kan.

Ọ̀nà kejì ni iṣẹ́ abẹ. Dókítà máa ń mú díẹ̀ nínú iṣan tí ó wà ní ẹ̀yìn itan tàbí ní iwájú orúnkún, yóò sì fi ṣe okùn tuntun nínú ihò tí ó gbẹ́ sí eegun. Kì í ṣe ohun tí a ń sáré ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó sàn kí wíwú lọ, kí orúnkún sì ṣeé nà tán kí a tó bẹ̀rẹ̀. Eré ìdárayá sì kò yẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé ẹni tí a bá ṣe é fún ní láti dúró ó kéré tán oṣù 9 kí ó tó tún gbá bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀: kòkòrò lè wọlé, ẹ̀jẹ̀ lè dì, orúnkún sì lè le gan-an.

Èwo ni ó sàn? Ní Sweden, àwọn dókítà pín ọ̀dọ́ 121 sí ọ̀nà méjì, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2010. Àwọn kan ṣe iṣẹ́ abẹ ní kíákíá. Àwọn 59 yòókù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré ìdárayá. Lẹ́yìn ọdún méjì, 36 nínú àwọn 59 yìí kò tíì nílò iṣẹ́ abẹ, orúnkún ẹgbẹ́ méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní 2022, lórí ènìyàn 316 tí orúnkún wọn ti ń yẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, fi hàn pé iṣẹ́ abẹ ni ó ṣe wọ́n lóore jù. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé, kí a kọ́kọ́ gbìyànjú eré ìdárayá tọkàntọkàn. Bí orúnkún bá sì ń yẹ̀ síbẹ̀, kí a má ṣe pẹ́ jù. Yíyẹ̀ lemọ́lemọ́ a máa ba ohun rírọ̀ tí ó wà láàárín eegun méjèèjì jẹ́.

Ẹ má bẹ̀rù pé ayé ọmọ yín ti bàjẹ́. Victor Boniface, ọmọ Àkúrẹ́, fara pa ní irú iṣan yìí ní ìgbà méjì nígbà tí ó wà ní Norway, síbẹ̀ ó gba ife ẹ̀yẹ pẹ̀lú Bayer Leverkusen ní Jámánì ní 2024. Virgil van Dijk ti Liverpool fara pa ní Oṣù Kẹwàá 2020, ó sì tún padà gbá bọ́ọ̀lù ní 2021. Àwọn méjèèjì fi sùúrù kún un.

ÌMỌ̀RÀN WA FÚN YÍN

Ìyá wa, ẹ mú ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá OAUTHC tí ó wà ní Ifẹ̀ níbẹ̀, kí dókítà eegun fi ọwọ́ yẹ orúnkún rẹ̀ wò. Ẹ́kísíréè máa ń fi eegun hàn, ṣùgbọ́n kì í fi iṣan tí ó já hàn. Ẹ̀rọ MRI ni ó lè fi í hàn. Lẹ́yìn náà, kí ó ṣe físíò fún oṣù mẹ́ta, láìfi ọjọ́ kan ṣọ̀fọ̀. Bí orúnkún bá dúró ṣinṣin, ó lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìsí abẹ. Bí ó bá ń yẹ̀ síbẹ̀, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, nítorí pé káfíńtà tí ń gun àkàsọ̀ kò lè fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu lórí ẹsẹ̀ tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí kò bá wá lè nà án rárá, tàbí tí ó ń há, ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta. Kí ó má sì gun àkàsọ̀ títí dókítà yóò fi ní kí ó gùn ún, kí ẹ sì bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́, kí ó fún un ní iṣẹ́ ilẹ̀.

Ẹ béèrè iye owó gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó dá ọjọ́, kí ẹ fi ti físíò sí i. Iṣẹ́ abẹ tí kò ní físíò lẹ́yìn dà bí ilé tí a kọ́ tí a kò bo orí rẹ̀.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Ọlọ́run yóò wo ọmọ yín sàn o.