Ṣebí Wọ́n Ti Wò Ó, Kí Ló Tún Gbé E Padà?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àbúrò mi obìnrin, ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi mí lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo ń ṣe: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣebí ẹ ní ọrùn ilé-ọmọ mi ti mọ́? Kí ló tún bà á jẹ́?" Òmíràn a rò pé ayé ló ń ṣe òun, òmíràn a sì máa fura sí ọkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ní gbangba.

Kòkòrò HPV, tí tọkùnrin tobìnrin ń kó nípa ìbálòpọ̀, ni ó ń ba awọ ibẹ̀ jẹ́. Bí ara bá le, àwọn ọmọ-ogun ara a sábà lé e lọ láàárín ọdún kan sí méjì. Ṣùgbọ́n lára obìnrin tí ó ní kòkòrò HIV, tàbí ẹni tí a pààrọ̀ kíndìnrín fún, ọmọ-ogun wọ̀nyí kò lágbára tó. Ewu jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ fún obìnrin tí ó ní HIV tó ìlọ́po 6 ti ẹni tí kò ní in.

Bí a bá jó ibi tí ó bàjẹ́, tàbí tí a gé e, kòkòrò lè ṣẹ́kù sí awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Pé ó padà kì í ṣe ẹ̀rí pé ọkọ ṣe ìṣekúṣe, kò sì túmọ̀ sí pé ó ti di jẹjẹrẹ. A lè tún un wò.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ padà fún àyẹ̀wò ní oṣù 12 lẹ́yìn ìtọ́jú, kí ẹni tí ó ní HIV sì tún lọ ní oṣù 12 lẹ́yìn ìyẹn, bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ ní 2021. Bí méjèèjì bá mọ́, kí ẹni tí ó ní HIV máa ṣe àyẹ̀wò HPV ní ọdún 3 sí 5. Ẹ má pa oògùn HIV yín jẹ, nítorí òun ni ó ń gbé ọmọ-ogun ara dìde. Ẹ jáwọ́ nínú sìgá. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ bímọ, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó tún gé e, nítorí gígé léraléra lè mú kí ọmọ wáyé láìpé oṣù.

Ẹ má ṣe dúró de ẹ̀jẹ̀ tàbí ìrora. Nígbà tí ó rọrùn láti wò gan-an ni àrùn yìí kì í sọ̀rọ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú káàdì yín, kí ẹ sì lọ.